Ẹ Má Ṣe Sá fún Ìbéèrè tí Ẹ Kùnà

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Agbowó kọjá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìdánwò JAMB bá ti súnmọ́ etílé, kò ní ṣàì rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó ìwé dání, tí wọ́n ń jáde láti ilé ẹ̀kọ́ àfikún kan bọ́ sí òmíràn. Ní òdìkejì títì ni ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń wò ó, bí ẹni tí ebi ń pa ti í wo ìkòkò orí iná. Bí a bá dúró tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn, ohun kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn: “Ìbéèrè ọdún mélòó ni o ti ṣe?” Èkíní á ní òun ti ṣe ti ọdún mẹ́wàá parí, èkejì á ní òun ti ṣe ti ogún ọdún. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni gbogbo wọn ń kan sáárá sí. Ṣùgbọ́n àwa kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Nínú èyí tí o ṣe, mélòó ni o kùnà, kí sì ni ó mú ọ kùnà?” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí ó dá wa lójú pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò tún padà wá ní àmọ́dún, ibẹ̀ ni ó wà.

Kí a kọ́kọ́ yẹ ìdánwò náà fúnra rẹ̀ wò. Ní ọdún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá Àjọ JAMB sílẹ̀, kí ìdánwò kan lè wà fún gbogbo ẹni tí ń fẹ́ wọ yunifásítì. Ní ọdún 2013 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Nígbà tí ó sì di 2015, a pa ìwé àti pẹ́ńsù tì pátápátá. Ìbéèrè 180 ni ó wà nínú rẹ̀: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yàn. Wákàtí méjì ni a fi ń dáhùn gbogbo rẹ̀, 400 sì ni àpapọ̀ máàkì. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ni ó kan ìbéèrè kan. Èsì rẹ̀ kò sì wúlò ju ọdún kan lọ. Ẹni tí kò bá rí ààyè wọlé ní ọdún náà yóò tún owó san, yóò sì tún jókòó. Ní ọdún 2025, àwọn tí wọ́n ṣe é lé ní 1,900,000. Nínú wọn, àwọn tí máàkì wọn kò tó 200 sì lé ní 1,500,000. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Ohun kan wà nínú ìdánwò yìí tí ọ̀pọ̀ kò kíyèsí. Nígbà tí èsì bá dé, iye máàkì nìkan ni a ó rí: Gẹ̀ẹ́sì, iye báyìí, Ìṣirò, iye báyìí. Kò sí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ wa hàn wá padà. A kì yóò mọ ìbéèrè tí a kùnà, a kì yóò sì mọ ìdí tí a fi kùnà rẹ̀. Ilé nìkan, ní àkókò ìmúrasílẹ̀, ni àṣìṣe wa ti ń fi ojú ara rẹ̀ hàn, tí ó sì ń dúró kí a bi òun léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó kọjá lọ níbẹ̀ yóò tún pàdé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò, níbi tí kì yóò ti sọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní agbègbè Bódìjà tí ó ti jókòó fún ìdánwò yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀lẹ kọ́ ni. Ó ti ṣí ìwé ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá, èyí tí wọ́n ń pè ní ‘past questions’, títí ẹ̀yìn ìwé náà fi ya. Bí a bá ka ìlà kìíní ìbéèrè kan fún un, yóò ti dáhùn “B” kí a tó ka ìlà kejì. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa yí iye owó tí ó wà nínú ìbéèrè náà padà, ó sì tún kà á fún un. Ó tún dáhùn “B”. Lẹ́tà ni ó ti kọ́, kò kọ́ ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà, kò sì mọ ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé, òun ni ó bi í ní ohun tí àwa tí a mọ̀wé kò bi í. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ibi tí o ṣubú sí ní èṣí náà ni o tún ṣubú sí? Èmi, bí ata mi bá bàjẹ́, mo máa ń da agbọ̀n náà délẹ̀ láti mọ ibi tí ìdíbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.” Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀, nítorí kò da agbọ̀n tirẹ̀ délẹ̀ rí.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá rí àgbélébùú pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó yára ṣí ojú ewé kejì, ọmọdé ni, bí ó tilẹ̀ ti hu irùngbọ̀n. Ẹni tí ó bá dúró wo ẹ̀yìn, òun ni àgbà. Ṣùgbọ́n kí ni yóò wò? Nítorí kì í ṣe ọ̀nà kan ni a ń gbà kùnà ìbéèrè. Àwa rí mẹ́rin, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì sàn.

Èkíní ni àìmọ̀. A kò kọ́ ọ rí, tàbí a kọ́ ọ, ó sì ti fò lọ. Irú èyí kò ní ìtìjú nínú. Kí a padà sí ìwé ẹ̀kọ́ náà, kí a ka orí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíka ìdáhùn ìbéèrè náà nìkan kò tó, nítorí ìdánwò kì yóò mú ìbéèrè náà gan-an wá mọ́. Àbúrò rẹ̀ ni yóò mú wá.

Èkejì ni àṣìmọ̀, èyí tí ó burú ju àìmọ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó ṣìnà tí ó rò pé òun mọ ọ̀nà kì í bi ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Oníṣòwò kan ra ọjà ní ₦800, ó tà á ní ₦1,000. Èrè mélòó ni ó jẹ nínú ọgọ́rùn-ún? Ọ̀pọ̀ ni yóò mú èrè ₦200 náà, tí wọn yóò fi ₦1,000 pín in, tí wọn yóò sì dáhùn pé 20. Bẹ́ẹ̀ kọ́; orí owó tí a fi ra ọjà ni a ti ń ṣírò èrè, nítorí náà ₦800 ni a ó fi pín in, ìdáhùn náà sì jẹ́ 25. Ẹ kíyèsí i pé nínú ìdáhùn mẹ́rin tí a ń tò sílẹ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, 20 kì í sáàbà ṣàì sí níbẹ̀. Kì í ṣe èèṣì. Ẹni tí ó ṣe ìbéèrè náà mọ ibi tí ẹsẹ̀ wa yóò ti yọ̀, ó sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbẹ̀ dè wá. Nítorí náà, nígbà tí a bá kùnà, kí a má ṣe béèrè nìkan pé, “Kí ni ìdáhùn tòótọ́?” Kí a tún béèrè pé, “Èyí tí mo mú yìí, ta ni ìyá rẹ̀? Èrò wo ni ó bí i?”

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyá àṣìṣe wa lè jẹ́ èdè abínibí wa fúnra rẹ̀. Etí ni Yorùbá fi ń gbọ́ ohùn, ó sì tún ń gbọ́ òórùn. Nítorí náà ni ọmọ wa ṣe ń kọ ‘I heard a smell’ láìfura, tí òyìnbó kò sì ní gbà fún un. Èdè wa kò ní ‘v’, nítorí náà ‘van’ àti ‘fan’ di ọ̀kan náà ní ẹnu wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ‘ship’ àti ‘sheep’. Ìdánwò náà a sì máa béèrè nípa ìró ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kùnà irú ìbéèrè báyìí ní ìgbà mẹ́wàá tí kò sì mọ̀ pé orísun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ṣàn wá, yóò rò pé àṣìṣe mẹ́wàá ni òun ní, àyà rẹ̀ á sì já. Ẹni tí ó bá wo ìdí rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀kan péré ni. Bí ó bá ti dí orísun náà, odò mẹ́wàá gbẹ.

Ẹ̀kẹta ni àìfarabalẹ̀ kà. A mọ ọ̀rọ̀ náà dáradára, a mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ní kí a mú òdìkejì rẹ̀, àwa sì mú èyí tí ó sún mọ́ ọn. Tàbí ìbéèrè wí pé, “gbogbo ìwọ̀nyí ni, àfi…”, a kò sì rí “àfi” náà. Ẹni tí ó kùnà báyìí, tí ó wá lọ tún orí ìwé kan kà, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Ohun tí yóò wò ó sàn ni kí ó máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí ó gbé ìbéèrè dúró kí ó tó wo ìdáhùn rárá.

Ẹ̀kẹrin ni ti àkókò. Ẹni tí ó bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìbéèrè kan ti jẹ àkókò ìbéèrè tí ó lé ní mẹ́fà mìíràn mọ́ ọn. Bí a bá kùnà ìbéèrè mẹ́wàá ìkẹyìn nítorí pé aago lù, kì í ṣe àwọn mẹ́wàá náà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, bí kò ṣe ibi tí a gbé jókòó pẹ́.

Ẹ̀karùn-ún kan sì ń bẹ tí kò fi ara jọ àṣìṣe rárá: èyí tí a méfò tí ó sì bọ́ sí i. Ìdáhùn mẹ́rin ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní. Ẹni tí ó mọ 20 nínú 40, tí ó sì fi ojú dídì mú 20 yòókù, yóò sáàbà rí nǹkan bíi 5 gbà nínú wọn. Yóò wá rí 25 lójú ìwé rẹ̀, yóò sì rò pé 25 ni òun mọ̀. Márùn-ún náà kì í ṣe tirẹ̀, a yá a ni. Ẹni tí ó yá a lè gbà á padà ní ọjọ́ ìdánwò. Nítorí náà, bí a bá ń ṣe ìdánrawò, kí a fi àmì kékeré sí ibi tí a ti méfò, kí a sì ka gbogbo rẹ̀ mọ́ èyí tí a kùnà.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Kò gba owó púpọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni a ó rà. Ìbéèrè tí a kùnà ni a ó kọ sínú rẹ̀, àti ìdáhùn tí a mú, àti ìdí tí a fi mú un. Lẹ́yìn náà ni ìdáhùn tòótọ́, àti ìdí tí ó fi jẹ́ òtítọ́, ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa. Ìdí tí a fi mú èyí tí kò tọ́ yìí ni àwọn ènìyàn ń fò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí a fi ọwọ́ bo ìdáhùn, kí a tún un ṣe láìwò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí a tún un ṣe, kí a sì yí iye inú rẹ̀ padà bí ó bá jẹ́ ti ìṣirò. Èyí tí a bá ṣe dáradára ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí a fi ìlà kan pa á. Èyí tí a bá tún kùnà, kí a mú un padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, Sebastian Leitner, kọ ìwé ní ọdún 1972 lórí ọ̀nà tí ó fara jọ èyí: ó kọ ẹ̀kọ́ sára káàdì, ó tò wọ́n sínú àpótí oníyàrá púpọ̀, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì kùnà á padà sí yàrá àkọ́kọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi hàn pé ẹni tí ó ka ẹ̀kọ́ ní àkàtúnkà a máa ṣe dáadáa ju ẹni tí ó dán ara rẹ̀ wò lọ bí a bá béèrè lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, ẹni tí ó dán ara rẹ̀ wò ni ó ń rántí jù. Ṣáájú wọn, ní ọdún 2001, Brady Butterfield àti Janet Metcalfe ti rí ohun ìyanu kan: àṣìṣe tí ènìyàn fi ìdánilójú ṣe, bí a bá fi òtítọ́ hàn án lójú ẹsẹ̀, òun ni ó ń tètè tún ṣe ju èyí tí ó fi iyèméjì ṣe lọ. Bí ẹni tí ó ń rìn gìràgìrà tí ó fi orí sọ àtẹ́rígbà ni. Kì í tètè gbàgbé ilé náà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò lòdì sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní wíwo àṣìṣe lójoojúmọ́ ń mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Àwa náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní kì í dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bo egbò mọ́lẹ̀ kò tíì wò ó sàn, òórùn rẹ̀ yóò sọ. Àwọn mìíràn yóò wí pé àwọn kò ní olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé fún wọn, owó ilé ẹ̀kọ́ àfikún sì wọ́n. Òtítọ́ ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹni mẹ́ta pa ìwé àṣìṣe wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀. Ohun tí ẹnì kan kùnà, ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn méjèèjì yòókù kùnà rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bákan náà ni kí a má ṣe gba gbogbo ìdáhùn tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìbéèrè gbọ́ bí ìyìn rere. A ti rí ibi tí ìwé náà ti ṣì í tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà á. Bí ìdáhùn ìwé bá ta ko ìdí tí a rí nínú ìwé ẹ̀kọ́, kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ìwádìí náà fúnra rẹ̀ á kọ́ wa ju ogún ìbéèrè mìíràn lọ.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀rọ̀ kàn wá. Láti ibo ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti kọ́ láti máa sá fún àṣìṣe wọn? Láti ọwọ́ wa ni. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti fi pàṣán kọ́ wọn pé ẹni tí ó bá kùnà ni yóò kúnlẹ̀, tí a ó sì fi ṣe ẹlẹ́yà lójú ẹgbẹ́. Ọmọ tí a bá tọ́ báyìí yóò kọ́ láti fi ìwé rẹ̀ pamọ́, yóò kọ́ láti wo ti ẹlòmíràn, kì yóò sì kọ́ láti wo ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá dàgbà, tí ẹnì kan wá wí fún un pé òun lè bá a ra ìdáhùn, kí ni yóò dá a dúró? Kò gbàgbọ́ rí pé àṣìṣe ṣe é tún ṣe. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ó ṣe é bò. Àwa rò pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ‘expo’ wà, ju ibi tí àwọn ọlọ́pàá ń wá a lọ.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó yẹ kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí èsì ìdánwò jáde tí ariwo sì ta, Àjọ JAMB tún iṣẹ́ tirẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì rí i pé àtúnṣe kan tí ó yẹ kí a ṣe sí ẹ̀rọ ni a kò ṣe fún ìpín Èkó àti ti Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997, ní ibùdó 157, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, akọ̀wé àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, jẹ́wọ́ àṣìṣe náà ní gbangba, ó sọkún, a sì ṣètò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ìdánwò ṣe. Ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn kò kéré, ẹkún kò sì lè san án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí a bá ti bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ńkọ́? Bí ẹni tí ń dá àwọn ènìyàn wò bá lè kùnà, tí ó sì ní láti padà sẹ́yìn láti wo ibi tí ó ti kùnà, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò sọ pé òun kò ní padà?

Àwọn aṣáájú wa nínú iṣẹ́ Ìhìnrere kò tijú èyí. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ èdè wa sílẹ̀, wà nínú ìpàdé tí a ṣe ní Èkó ní ọdún 1875, níbi tí a ti tún ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá yẹ̀ wò. Kò wí pé, “Èyí tí mo ti kọ, mo ti kọ ọ́.” Nítorí pé àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ padà sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni àwa fi ní ohun tí à ń kà lónìí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tún jókòó. A kò mọ bí yóò ti rí fún un, a kò sì ní fi irọ́ tù ú nínú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a bá a ní ìdí tábìlì rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ pẹlẹbẹ kan ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ti dá orí ìbéèrè èrè ọjà náà dúró, ó ń yí iye rẹ̀ padà fúnra rẹ̀: ó rà á ní ₦600, ó tà á ní ₦750. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ata. Ó ké sí i láti ibẹ̀ pé, “Èrè mélòó?” Ọmọ náà kò dáhùn “B”. Ó ní, “Ẹ ní sùúrù, Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo iye tí a fi rà á.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni a ń tọrọ fún yín. Kí Ọlọ́run fi kún òye yín, kí ó sì fún àwa olùkọ́ ọ̀la ní ọkàn tí kì yóò fi àṣìṣe ọmọdé ṣe ẹlẹ́yà.